Kí Ni Ọkọ̀ Arìnnàkore Yóò Fi Rìn?

Títí di òní, bí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì bá ti ń rọ̀, àyà mi a bẹ̀rẹ̀ sí í já, ibi yòówù kí n wà. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń yọ̀ pé ọ̀sẹ̀ parí, èmi nìkan ni mo ń wo fóònù bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pè sílé ẹjọ́. N kì í bá a jiyàn. Ilé tí òun ti wá, alaalẹ́ ni bàbá rẹ̀ ń sùn síbẹ̀. Ní ilé tiwa ní Ìkẹ́rẹ́, bàbá wa, tí a ń pè ní Dádì, ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní físíìsì ní yunifásítì kan ní Ìbàdàn. Ìdájí ọjọ́ Ajé ni ó ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ó ń bọ̀. Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀nà kò dára rárá. Kòtò ojú ọ̀nà burú, àwọn ọlọ́ṣà tí ń dá ọkọ̀ dúró láàárín Iléṣà sí Àkúrẹ́ tún burú jù ú lọ. Kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí ẹnìkan kì í dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti dúpẹ́ pé òun bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwa ọmọdé a ṣe àmín pẹ̀lú ẹnu gbígbẹ, nítorí a mọ̀ pé àwọn tí kò bọ́ kì í wá dúpẹ́.

Bí mo bá di ojú mi báyìí, ìró ilé náà ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Ewúrẹ́ ń fi ìwo ha ara ògiri, ìgbálẹ̀ Màámi ń dún lórí sìmẹ́ǹtì, korobá ń bọ́ sínú kànga, òfì Yèyé sì ń dún pàkà, pàkà, lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Yèyé ni ìyá tó bí Dádì. Òfì àwọn obìnrin ni tirẹ̀, èyí tí wọ́n gbé nàró ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe èyí tí àwọn ọkùnrin ń na òwú rẹ̀ gbọọrọ sí ìta. Kíjìpá ni ó ń hun, aṣọ tó nípọn tí èèyàn lè bora sùn nígbà ọyẹ́. Orí àpótí kékeré kan ni ó ń jókòó sí láti àárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nà, ọ̀kan ká, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ wọlé ní láti gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí èyí tó nà náà. Mo ro pé ó mọ̀ọ́mọ̀ jókòó síbẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó lè wọlé tàbí kí ó jáde kí òun má mọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, òfin kan wà. Màámi, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, á ti ilé ìwé dé, á bẹ iṣu, á gé e sínú omi, á se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gbé iṣu náà kaná. Fóònù kan ṣoṣo tí a ní á wà lójú fèrèsé, nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé. Bí ọkọ̀ Dádì bá ti dé Ìta-Ògbólú, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́, á pè. Màámi kì í gbé e fún wa kí a bá a sọ̀rọ̀. Á kàn sọ pé, "Ó ti dé Ìta-Ògbólú," ara á sì tu gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé á fẹ́ iná, èmi á gbé ìkòkò, Yèyé á kúrò nídìí òfì lọ fọ odó. Bí Dádì bá fi máa wọlé, iṣu ti jinná, a ó sì máa gún iyán lọ lójú rẹ̀. Kí ó tó pè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iná. Òfin Yèyé ni, Màámi kò sì bá a jà lórí rẹ̀ rí. Èmi rò pé nítorí pé iyán tútù kò dùn ni.

Ìtàn ọkọ̀ òfúrufú bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí wọ́n mú iná lọ. A wà ní ìta, a ń pa ẹ̀gúsí, Káyọ̀dé sì béèrè bí èèyàn ṣe lè dé ibi ìràwọ̀. Bàbá mìíràn ì bá ní kí ó lọ kàwé rẹ̀. Dádì fi èèpo ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó ní ọkọ̀ kan wà tí ń jẹ́ Arìnnàkore, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ náà jẹ́ bàbá ọlọ́mọ méjì, a kò sì béèrè ọmọ ta ni. Ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ìràwọ̀ kan tó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá, tí kò sí ohun tó yára tó o, ń lo ọ̀pọ̀ ọdún lójú ọ̀nà. Dádì ṣàlàyé pé bí èèyàn bá sáré títí tí eré rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba, aago ọwọ́ rẹ̀ á máa falẹ̀, ti àwọn ará ilé á máa lọ bó ṣe ń lọ. Nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ bá fi máa padà dé, irun rẹ̀ á ṣì dúdú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ á ti darúgbó, bóyá wọn á ti kú. Káyọ̀dé ní ó dùn. Èmi kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo lọ bá Dádì nínú yàrá, mo ní kí ó wá nǹkan ṣe sí i, kí ọ̀gá ọkọ̀ tètè dé. Ó ní ó dára, ọkọ̀ náà yóò yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwa ni yóò sọ ohun tí yóò fi rìn. Bí ìbéèrè ọjọ́ Ajé ṣe dé ilé wa nìyẹn. Kí ó tó lọ ní ìdájí, á jí wa, á bi wá pé, "Kí ni Arìnnàkore yóò fi rìn?" Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí ó bá ti fọwọ́ láti jẹ iyán, a ó dáhùn.

Mo ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, mo sì mọ ohun tí ó ń ṣe. Ó fẹ́ kí a ní nǹkan mìíràn tí a ó máa rò láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, kí ó má jẹ́ ọ̀nà nìkan. Kò ṣiṣẹ́ fún mi. Ọ̀nà méjì ni mo wá ní tí mo ń bẹ̀rù, ọ̀kan láti Ìbàdàn, ọ̀kan láti ìràwọ̀.

Káyọ̀dé ni ó kọ́kọ́ dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ ló sì da ilé rú. Ó ti rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òkúta kan ni wọ́n ń fi sínú ẹ̀ńjìnnì wọn, òkúta dídán, tó ṣọ̀wọ́n, tí wọ́n ń wa nínú ilẹ̀ ní ibi tó jìnnà. Ó fi ìka ṣàpèjúwe bí ó ṣe ń tàn. Ó ní aláwọ̀ búlúù ni, ó tó ìkúùkù. Pàkà òfì dákẹ́. Yèyé, tí kì í dìde bí kò bá parí ìlà tó ń hun, dìde, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Dádì ń wo inú àwo rẹ̀. Màámi ní kí a kó abọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì jẹun tán. Mo rò pé Káyọ̀dé bú ẹnìkan ni, òun náà sì rò bẹ́ẹ̀, nítorí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo èèyàn láìmọ ohun tí ó ṣe.

Ní ilé ìdáná, níbi tí a ti ń fọ abọ́, Màámi sọ ọ́ fún wa ní ohùn jẹ́jẹ́. A mọ̀ pé Dádì ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Ṣọlá, tó ti kú. A kò mọ ohun tó pa á. Bọ̀dá Ṣọlá kò rí iṣẹ́ lẹ́yìn tí ó parí ẹ̀kọ́, ó sì bá àwọn ọ̀rẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń wa òkúta olówó iyebíye, nínú kòtò tí wọ́n ń fi okùn sọ̀ sí. Ó ránṣẹ́ sílé pé òun rí ọ̀kan, aláwọ̀ búlúù, ó tó ìkúùkù, òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kí òun tó lọ tà á. Yèyé gún iyán dè é. Ọkọ̀ dé lóòótọ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ya lu Bọ̀dá Ṣọlá ní ọjọ́ tó ṣáájú, aṣọ ni wọ́n fi dì í. Iyán náà wà nínú odó títí di ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó ní ọkàn láti bù ú. Láti ìgbà yẹn ni Yèyé ti fi òfin lélẹ̀. Màámi fọ abọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì bí ó ti ń sọ ọ́. Ó ní kí a má ṣe jẹ́ kí Yèyé mọ̀ pé òun sọ fún wa.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Dádì fi kún ìbéèrè rẹ̀. Nínú ìtàn ilé yìí, ó ní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi òkúta tó ṣọ̀wọ́n ṣe epo ọkọ̀. Kò dárúkọ Bọ̀dá Ṣọlá. Ohun tí ó sọ ni pé, bí ohun tí ọkọ̀ fi ń rìn bá ṣọ̀wọ́n, ẹnìkan ní láti wọ inú ilẹ̀ lọ wá a, ọmọ ọlọ́kọ̀ kọ́ ni yóò sì wọ̀ ọ́. Ó ní kí a wá ohun tó wà níbi gbogbo, tí kò sí ẹni tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó tún sọ fún Káyọ̀dé pé kò ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé báàgì rẹ̀, a sì gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ ẹnu ọ̀nà títí tí a kò fi gbọ́ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ ń lọ, ìdáhùn wa ń já sí òfo. Káyọ̀dé ní bẹntiróòlù. Dádì ní epo tí yóò gbé ọkọ̀ náà wúwo, epo mìíràn ni yóò sì gbé epo yẹn, títí tí gbogbo ayé á fi di jálá tí a so mọ́ ìdí ọkọ̀. Mo ní kí wọ́n bu iná oòrùn sínú ìkòkò. Ó yìn mí, ó ní àwọn onímọ̀ ń gbìyànjú irú rẹ̀, omi lásán ni wọ́n lè fi dá a, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ kò lè kọjá ti ìmọ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún wa pé gbogbo ohun ló ní òdìkejì, pé bí ohun kan bá pàdé òdìkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì á pòórá, agbára nìkan ni yóò kù. A pariwo pé òun nìyẹn. Ó ní rárá, ìyẹn náà kò lè ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Ohun yòówù tí a bá fi ti ọkọ̀, ó ní, kò lè jù ú lọ, bí èèyàn tilẹ̀ fi gbogbo ayé tì í. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ó dùn mọ́ ọn, inú sì bí mi sí i. Mo wò ó pé, ta ni ń bẹ nínú ọkọ̀ ọ̀hún, ṣé kò mọ̀ ni? Ní ọjọ́ Ẹtì méjì tó tẹ̀ léra, ó pẹ́ kí ìpè tó wá láti Ìta-Ògbólú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé èékánná mi jẹ. Màámi fi ewúro pa á lára, mo sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ewúro náà.

Ibi tí ìdáhùn ti wá, ẹsẹ̀ mi ti ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni, ilé ìwé ti wà ní ìsinmi, Yèyé sì ní kí n wá bá òun ká òwú. Mo jókòó sílẹ̀ nítòsí rẹ̀, mo ń wo iṣẹ́. Òwú inú òfì rẹ̀ kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní òpin: wọ́n yí i ká igi òkè àti igi ìsàlẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí okùn kànga ṣe ń yí igi ká. Níwájú rẹ̀ ni ó ti ń hun. Bí aṣọ bá ti ga dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó mọ́, kì í dìde, kì í gun orí àga. Á dẹ okùn díẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì fa aṣọ náà wálẹ̀, èyí tí ó ti hun á gba abẹ́ lọ sẹ́yìn, òwú tí kò tíì hun á sì gba òkè wá síwájú rẹ̀. Ó ti hun aṣọ tó gùn jù ú lọ láìkúrò lórí àpótí. Mo bi í bóyá ẹsẹ̀ kì í ro ó, kí ó máa rìn lórí gbogbo aṣọ yìí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Mè rìn, ọmọ mi. Aṣọ ni í rìn wá bá mi."

Mo bi í bóyá ó le láti fà. Ó mú ọwọ́ mi lé e. Ó le ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ó lẹ̀ mọ́ igi, lẹ́yìn náà ó wá fúnra rẹ̀, nítorí èyí tó ń lọ sẹ́yìn ń fa èyí tó ń bọ̀ níwájú. Yèyé ní okùn kan náà ni, ohun tí mo bá yọ̀ǹda lẹ́yìn kì í ṣòfò, iwájú ni yóò já sí. Mo dìde. Mo ti rí i. Arìnnàkore kò ní sáré rárá. Ó máa jókòó bí Yèyé ni. Òfúrufú ni yóò fà wá sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ níwájú, tí yóò sì yọ̀ǹda rẹ̀ lẹ́yìn, òfin ìmọ́lẹ̀ kò sì ní lè mú un, nítorí òfin náà mú ẹni tó ń sáré, kò mú ẹni tó jókòó. Agbára tí yóò fi fa iwájú, ohun tí ó yọ̀ǹda lẹ́yìn ni yóò fún un. Òfúrufú wà níbi gbogbo. Kò sí ẹni tí yóò wọ inú ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo fẹ́ pe Dádì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, Màámi kọ̀, ó ní ìdáhùn ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ẹtì ni. N kò sọ fún Káyọ̀dé pàápàá. Mo ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹran tí èèyàn fi sí abẹ́ iyán.

Ọjọ́ Ẹtì náà dé. Màámi bẹ iṣu, ó gé e sínú omi. Oòrùn kúrò lórí òrùlé ilé kejì, fóònù kò dún. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù fún àwọn akọrin, kò dún. Màámi tẹ nọ́ńbà Dádì, wọ́n ní kò sí ẹni tó ń gbé e. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó wá gbé fóònù padà sójú fèrèsé bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ tí a ti gbá. Káyọ̀dé nu gíláàsì làǹtánì títí tí ó fi fọ́, kò sì sí ẹni tó bá a wí, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí jù. Ọkùnrin kan tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà láti kí wa. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n dá ọkọ̀ mélòó kan dúró lọ́nà Iléṣà lọ́sàn-án, pé Ọlọ́run á ṣọ́ wa. Màámi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, Màámi di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú. Òkùnkùn ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkè, omi inú abọ́ iṣu ti funfun, Yèyé sì ń hun aṣọ lọ, ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ rẹ̀, kò fa okùn. Ojú ìlà kan náà ni ó ń lù ní àlùtúnlù.

Èmi ni mo lọ síwájú rẹ̀. N kò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu, nítorí nínú ilé yẹn, a kì í bá Yèyé jiyàn. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí ó jẹ́ kí a gbé iṣu kaná. Màámi pe orúkọ mi láti ẹ̀yìn, ó pè é ní kíkún, Ọmọ́tẹ́jú, bí ó ṣe ń pè é bí ẹgba bá ń bọ̀.

Yèyé kò wò mí. "A kì í gún uyán de ẹni tó wà lójú ọ̀nà."

Mo ní, "Yèyé, ẹ̀yin lẹ ní aṣọ ni ó ń rìn wá bá yín. Bí ẹ kò bá fà á ńkọ́?"

Pàkà dúró.  Mo rí i pé ojú rẹ̀ kò sí lára mi, ó wà lára odó tí ó wà lábẹ́ igi ọsàn, odó kan náà tí iyán ọmọ rẹ̀ ti tutù sí, mo sì mọ̀ pé mo ti fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún.

"Káyọ̀dé," ó ní, "gbé uṣu ka uná."

 Màámi ń fẹ́ iná tí kò nílò fífẹ́, omijé ń wá sójú rẹ̀, ó ní èéfín ni. Nígbà tí iṣu jinná, ìpè kankan kò tíì wá. Ìgbà yìí ni ó yẹ kí a dúró. Yèyé da iṣu sínú odó, ó mú ọmọ odó kan, ó na èkejì sí Màámi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un, tìyá tìyàwó, ọ̀kan ń gòkè, ọ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀, nínú òkùnkùn, fún ẹni tí a kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè. N kò gbàdúrà. Ó yẹ kí n gbà á, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wí nínú ara mi ni pé, fà á, fà á. Bí iyán yẹn bá tutù nínú odó, èmi ni mo pa Dádì. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, ọmọdé ni mí, kò sì sí ẹni tó lè gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ti gún un dé ibi tí kò ní kókó mọ́, tí Yèyé ṣì ń gún un, nígbà tí ewúrẹ́ dìde lẹ́nu ọ̀nà. Dádì ni ó ń wọlé. Kò ní báàgì. Kò ní bàtà, ìdí tí a kò fi gbọ́ ọ lórí òkúta wẹ́wẹ́ nìyẹn. Iwájú orí rẹ̀ wú, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Màámi ju ọmọ odó sílẹ̀, ó sì jókòó lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Yèyé kò kí i. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ tó kún fún iyán kan ojú rẹ̀, ó kan èjìká rẹ̀, ó wá ní kí Káyọ̀dé bu omi fún un kí ó fọwọ́.

Ohun tí ojú rẹ̀ rí, kò sọ ọ́ fún wa lọ́jọ́ yẹn, kò sì tíì sọ gbogbo rẹ̀ di òní. Àwọn ọlọ́ṣà dá ọkọ̀ wọn dúró, wọ́n gba ohun gbogbo, wọ́n ní kí àwọn èrò dojú bolẹ̀ nínú igbó. Ọkọ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kan ló gbé e dé Àkúrẹ́, ọlọ́kadà kan ló ṣàánú rẹ̀ gbé e dé ìkóríta wa. Ibẹ̀ ni ó ti jókòó sórí afárá gọ́tà. Ó ní ẹsẹ̀ òun kọ̀. Ó ń gbọ̀n, kò fẹ́ kí a rí òun bẹ́ẹ̀, ó sì ń ro ẹkún tí yóò pàdé nínú ilé. Ó ti pinnu pé òun á jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìgbà yẹn ni ó gbọ́ odó.

"Mo mọ ìró odó wa," ó ní, iyán wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì fi sẹ́nu. "Mo ní, èmi nìkan ni wọ́n ń gún iyán fún ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ kì í sì gún un bí n kò bá tíì dé tán. A jẹ́ pé mo ti dé. Kí ni mo tún jókòó síta sí?"

 Yèyé yí ojú sí ògiri. Nígbà tí ó ti jẹun díẹ̀, Dádì wò mí, ó sì béèrè ìbéèrè ọjọ́ Ajé, ohùn rẹ̀ kò tíì padà sípò. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, òfì, okùn tí kò lópin, ọkọ̀ tí kò sáré, òfúrufú tí ń ti ẹ̀yìn sanwó iwájú. Mo ń sunkún bí mo ti ń sọ ọ́. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní ó dára, ó dára gan-an, ihò kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀: okùn náà lẹ̀ mọ́ igi ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ fà á kí ó tó máa fa ara rẹ̀. Ó tún ní ohun tó bá yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ ní ìwà kan tí ń da àwọn onímọ̀ láàmú, pé ó lè dé ilé kí ó tó gbéra. Ó sọ èyí bí ẹni tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni ó ń wò. Ó wá jẹ iyán náà tán.

Kò padà sí Ìbàdàn ní ọjọ́ Ajé. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti rí iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nítòsí, iṣẹ́ tó kéré sí èyí tó fi sílẹ̀, ó sì ń sùn sílé lálaalẹ́ bíi bàbá ọkọ mi. Arìnnàkore kò gbéra mọ́. Káyọ̀dé bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó máa bá ìtàn náà lọ, ó kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀gá ọkọ̀ ti dé. Yèyé ti lọ báyìí, wọ́n fi kíjìpá tirẹ̀ sin ín. Òfì náà ṣì wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwa náà sì ṣì ń gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń nà sí.

Èmi ni mo ń gbé Ìbàdàn báyìí, èmi náà sì ni mo ń bẹ̀rù ọ̀nà. Dádì ti darúgbó, nǹkan ti ń bọ́ lórí rẹ̀. Ó lè gbàgbé orúkọ ọkọ mi, ó lè bi mí bóyá mo ti parí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì kan, tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ń bọ̀, tí n kò tilẹ̀ ń bọ̀, fóònù mi dún. Màámi ni, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí ó ń fọ abọ́. Ó ní òun kò mọ ohun tí òun ó ṣe sí Dádì, ó ti bẹ iṣu fúnra rẹ̀, ó ti gbé e kaná, ó ní Ọmọ́tẹ́jú ti dé Ìta-Ògbólú. Mo gbọ́ ohùn Dádì lẹ́yìn tirẹ̀, ó ń wá ọmọ odó. Oòrùn ṣì wà lókè, ọ̀nà kò tíì dára títí di òní, ọkọ mi sì ń bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sí ẹni tó kú. Mo ti ń wá bàtà mi.